Kó O Tó Tẹ Iná: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tó Ní Ọkọ̀ Asáré

Àbúrò mi, mo ní ọ̀rọ̀ bá ọ sọ lórí ọkọ̀ asáré rẹ, mo sì fẹ́ kó o fara balẹ̀ gbọ́ ọ, torí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìwọ náà mọ ọ̀nà tó gba àárín ìlú Òkè-Oyi wa yìí. Ìlọrin ló ti wá, ó gba Sáńgo, ó gba Kúléndé, ó gba Òkè-Ọ̀sẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ń lọ sí Bódè Sáádù àti Jẹ́bbà títí dé Òkè Ọya. Tírélà tó kó sìmẹ́ǹtì lọ sókè, téńkà epo, ọkọ̀ tó kó màlúù àti àlùbọ́sà bọ̀ láti Àríwá, gbogbo wọn ló ń gba ibẹ̀. Àárín wọn nìwọ náà ń gbé ọkọ̀ rẹ gbà nígbà ọdún Iléyá, tí ẹ̀sọ́ọ̀sì rẹ ń bú ramúramù, tí àwọn ọmọ kéékèèké sì ń sáré wá wò ó.

Mi ò kórìíra ọkọ̀ tó ń sáré. Camry Muscle oní V6 ní agbára ẹṣin 268. C63 AMG àkọ́kọ́ ní ẹ́ńjìnnì 6.2 lítà àti agbára ẹṣin 451. Àwọn tó ṣe wọ́n mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Ohun tó ń dùn mí ni pé tówó bá dé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa, ohun tó máa mú ọkọ̀ sáré ni wọ́n ń ná an sí, ohun tó máa dá a dúró ló ń gbẹ́yìn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ ìmọ̀ràn yìí.

1. Bíréèkì ni kó o kọ́kọ́ ṣe, kó o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn lára ọkọ̀ náà. Tí wọ́n bá ní àwọn ti ṣe upgrade ọkọ̀ nílẹ̀ wa lónìí, ojú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀: bọ́ńpà tuntun, iná iwájú tuntun, gríìlì tuntun, kí ọkọ̀ ọdún 2008 lè jọ ti 2014. Ẹlòmíràn á tún gbé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fún ẹni tó máa yí i pa dà kí ẹ́ńjìnnì lè lágbára sí i. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti wọn agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ agbára ìjánu rẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Lọ́jọ́ tó o bá fi kún ọ̀kan tó ò fi kún èkejì, o ti da òṣùwọ̀n wọn rú. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó ra iná iwájú tuntun sórí páàdì tó ti jẹ tán, àwọn tó ń wòran nìkan ló ṣe é fún.

2. Mọ iṣẹ́ tí bíréèkì ń ṣe gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ dídùn gba owó lọ́wọ́ rẹ. Eré tí ọkọ̀ ń sá kì í dédé pòórá. Tó o bá tẹ bíréèkì, páàdì á fún dísìkì mọ́ra, eré náà á sì di ooru. Jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ rẹ wúwo tó 1,600 kìlógíráàmù, tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Tó o bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ooru tó máa jáde lára bíréèkì tó èyí tó máa mú lítà omi méjì hó lórí iná. Tó bá jẹ́ 140 lo ń sá, ó ti tó ooru lítà mẹ́rin nìyẹn, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tó ń sá 120 ò lè sọ pé òun kàn fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń sá 80.

Wá fi ìyẹn wo ọ̀nà wa. Abúlé ń tẹ̀ lé abúlé, bọ́m̀pù ń tẹ̀ lé bọ́m̀pù. O tẹ iná dé 140, bọ́m̀pù yọ, o tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. O tún tẹ iná, òmíràn tún yọ. Dísìkì ò tíì tutù látinú ti àkọ́kọ́ tó o fi tún kó ooru ẹlẹ́ẹ̀kejì lé e, tó o tún kó ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Tó bá yá, páàdì á gbóná kọjá ibi tí wọ́n ṣe é dé, kò ní lè di dísìkì mú mọ́. Ọ́ìlì tó wà nínú kálípà, irin tó ń ti páàdì, náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, oru á kún inú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ á sì wọlẹ̀ dé pákó ọkọ̀ láìsí ohun tó dì í mú. Ohun tí àwọn èèyàn wa ń pè ní pé ìjánu já nìyẹn, lára ọkọ̀ tí ohunkóhun kò já lára rẹ̀. Tó bá tutù, tó o tẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì, wàá bá a pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn kan á sì máa sọ pé ayé ló ṣe é. Ooru ló ṣe é. Gbogbo owó tó o bá máa ná sórí bíréèkì ọkọ̀ asáré, bóyá ibi tí ooru máa gbà jáde, tàbí ohun tó lè fara da ooru, ni kó o máa ná an sí.

3. Tún èyí tó wà níbẹ̀ ṣe kó o tó ra tuntun. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ lèyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tá a ń gùn, ibi tó sì ti ń bọ̀, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín. Iyọ̀ yẹn ti jẹ irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Irin kékeré tí kálípà fi ń rìn síwá sẹ́yìn á ti dípẹtà, páàdì inú á ti jẹ tán nígbà tí páàdì òde ṣì nípọn. Hóòsì rọ́bà á ti wú nínú, ojú òde rẹ̀ á sì máa dán. Tí hóòsì bá ti wú báyẹn, agbára ẹsẹ̀ rẹ kì í dé ọ̀dọ̀ kálípà tán.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń pa ẹsẹ̀ kan. Tí sílíńdà táyà kan bá ń jò, tí kò sówó tàbí tí kò sí sípéà, àwọn kan á ká páìpù bàbà tó lọ sí ẹsẹ̀ náà, wọ́n á fi òòlù lù ú pa, wọ́n á ní kí ọlọ́kọ̀ máa fi ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kù lọ ná. Ọlọ́kọ̀ á ta ọkọ̀ náà, ẹni tó rà á ò ní mọ̀. Mo ti rí ọkọ̀ olówó ńlá tó ní kálípà tuntun gbòdògì níwájú, tí wọ́n sì ti pa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì lórí eré, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa fà sí, ẹ̀gbẹ́ tó sì fà sí yẹn lè jẹ́ ibi tí tírélà ti ń bọ̀. Nítorí náà, kó o tó ra ohunkóhun, jẹ́ kí wọ́n tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lójú rẹ, kí wọ́n tọ páìpù láti ọ̀dọ̀ másítà, ibi tí ọ́ìlì bíréèkì ti ń jáde, dé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tó rò pé òun nílò bíréèkì ńlá, bíréèkì tó ní tẹ́lẹ̀ ló nílò ìtọ́jú.

4. Pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì lọ́dún méjì-méjì, bó bá pẹ́ jù. Òun ló rọ̀ jù lówó nínú gbogbo ohun tí mo máa kà sílẹ̀ níbí, òun náà sì ni àwọn èèyàn ń gbàgbé jù. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́, pàápàá lásìkò òjò, bí omi bá sì ti wọ inú rẹ̀, kì í pẹ́ hó mọ́. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205 lórí ìwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n tó bá ti mumi, 140 ni wọ́n fi dé e. DOT 4 jẹ́ 230, tó bá mumi ó di 155. DOT 5.1 jẹ́ 260, tó bá mumi ó di 180. O rí i pé DOT 5.1 tó ti gbó ò tó DOT 3 tuntun. Ra èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí másítà rẹ tàbí èyí tó ju ìyẹn lọ, kó jẹ́ inú ike tí wọn ò tíì ṣí. Má fi DOT 5 pò ó mọ́ àwọn tó kù o, torí ohun tí wọ́n fi ṣe òun yàtọ̀ pátápátá, nọ́ńbà wọn nìkan ló jọra. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, bẹntiróòlù tàbí omi ọṣẹ sí i nítorí àti délé. Inú másítà á bà jẹ́, gbogbo rẹ̀ lo máa tún rà.

5. Wo táyà. Bíréèkì ló ń dá táyà dúró, táyà ló ń dá ọkọ̀ dúró. Tó o bá gbé kálípà ẹlẹ́yin mẹ́fà (ẹyin ni písítìnnì tó ń ti páàdì) sí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ti gan, táyà á dúró lóòótọ́, ọkọ̀ á sì máa yọ̀ lọ. Nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó àlòkù táyà wọ̀lú, síbẹ̀ ó kún ẹ̀gbẹ́ títì fọ́fọ́, wọ́n sì ń fi nǹkan dúdú kùn ún kó lè máa dán. Má wo dídán rẹ̀, wo nọ́ńbà. Ní ti rímù ńlá, 19 àti 20 tí ẹ fẹ́ràn, mo mọ̀ pé ó wuyì. Ṣùgbọ́n rímù ńlá wúwo, bíréèkì ló sì máa dá ìwúwo yẹn dúró bó ti ń yí. Táyà pẹlẹbẹ tó bá a wá ò sì lè gba kòtò ọ̀nà wa mọ́ra. Ibi tí rímù ilé iṣẹ́ mọ, tàbí èyí tó fi ẹyọ kan jù ú lọ, ni kó o dúró sí, àyàfi tí dísìkì tó o fẹ́ rà ò bá wọnú rẹ̀.

6. Ra páàdì gidi, kó sì bá ibi tó ò ń lọ mu. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run: bó o dé Ládípò ní Muṣin, bó o dé Géètì n'Íbàdàn, páálí tó dára tí orúkọ ńlá wà lára rẹ̀ kún ilẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì lè máà ju eruku tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lọ. Lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó lè kọ rìsíìtì fún ọ, tó o sì lè pa dà bá. Gbé méjèèjì tó wà nínú páálí yẹ̀ wò: kí wọ́n wúwo dọ́gba, kí létà tó wà lẹ́yìn wọn bára mu, kí ẹ̀gbẹ́ wọn má máa rún sí ọ lọ́wọ́. Apá òsì àti ọ̀tún ni kó o máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, má pààrọ̀ ẹyọ kan.

Àwọn kan á ní páàdì ìdíje làwọn fẹ́, irú èyí tí wọ́n ń lò níbi tí ọkọ̀ ti ń fi eré ṣẹ́gun ara wọn. Má gbé e sí ọkọ̀ tó ò ń gbé lọ sọ́jà. Ìgbà tí irú páàdì yẹn bá ti gbóná gan-an ló ń di dísìkì mú. Láàárọ̀ kùtù, nígbà ọyẹ́, tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nílé, tí ọmọ iléèwé sáré gba iwájú rẹ, kò tíì múra tán láti ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún ojú títì, tó lè fara da ooru ju ti ilé iṣẹ́ lọ díẹ̀, lèyí tó yẹ ọ.

7. Tó o bá máa gbé dísìkì àti kálípà ńlá sí i, gbé gbogbo rẹ̀ sí i lódindi. Ọ̀rọ̀ dísìkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ọdún 1902 ni Frederick Lanchester ti gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ọdún 1953 ni gbogbo ayé tó rí i kedere, nígbà tí Tony Rolt àti Duncan Hamilton fi Jaguar C-Type tó ní dísìkì Dunlop gba ipò kìíní níbi ìdíje wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ń ṣe ní Le Mans nílẹ̀ Faransé. Àwọn tó ń lo bíréèkì oní-dúrọ́ọ̀mù ní láti tètè dín eré kù kí wọ́n tó dé kọ́nà, torí inú dúrọ́ọ̀mù ni ooru rẹ̀ ń há sí. Ẹni tó ní dísìkì lè dúró pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́, bó sì ṣe mú ní wákàtí àkọ́kọ́ náà ló ṣe ń mú nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Atẹ́gùn ló ń kọjá lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dísìkì tó fẹ̀, tó nípọn, tó ní ihò atẹ́gùn láàárín fi dára ju kékeré lọ.

Wàyí o, tó o bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ máa ń ya síwájú. Nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá iṣẹ́ náà ni táyà iwájú ń ṣe. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti pín agbára náà síwájú àti sẹ́yìn, wọ́n sì ti kọ́ ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dì pa, bó ṣe máa máa gbọ́ ti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tó o bá gbé kálípà ọkọ̀ míì tó o rí lórí àtẹ síwájú, tó o fi ẹ̀yìn sílẹ̀, iwájú nìkan lá máa ṣe gbogbo iṣẹ́. Ọkọ̀ náà lè máà tètè dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pàápàá, pẹ̀lú gbogbo owó tó o ná. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yìn lo fún lágbára jù, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ ṣáájú orí. Kálípà tí ẹyin rẹ̀ tóbi máa ń gba ọ́ìlì púpọ̀, torí náà tí másítà rẹ bá kéré sí i, ẹsẹ̀ rẹ á máa lọ jìnnà kó tó mú.

Ọ̀nà tó dára jù tí mo mọ̀ ni kó o wo ẹ̀yà ọkọ̀ tìrẹ gan-an tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù. Bí tìrẹ bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì kékeré, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣe bíréèkì tó tóbi fún èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń wọlé láìsí pé wọ́n dá irin lu. Gba kálípà, bíráńkẹ́ẹ̀tì, dísìkì, hóòsì, tó bá sì gbà bẹ́ẹ̀, másítà rẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ odindi ẹrù tuntun lo fẹ́ rà, rà á lọ́wọ́ ẹni tó kọ orúkọ ọkọ̀ rẹ àti ọdún rẹ̀ sára rẹ̀. Ìwọ̀n tí dísìkì ò gbọdọ̀ fi tín-ín-rín jù wà lára rẹ̀, MIN TH ni wọ́n sábà ń kọ. Tó bá ti tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un bó lórí ẹ̀rọ. Dísìkì tí wọ́n lu ihò yíká ara rẹ̀ wuyì, àmọ́ etí ihò wọ̀nyẹn ló ń kọ́kọ́ sán nígbà tí ooru bá pọ̀. Èyí tí ara rẹ̀ dán lásán dára fún ọ.

8. Má ra ike pupa. O mọ ohun tí mò ń sọ: ìbòrí ike tí wọ́n kọ Brembo sí lára, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ kálípà kékeré kó lè jọ ńlá. Ilé iṣẹ́ Brembo ti wà ní Ítálì láti ọdún 1961, iṣẹ́ irin tó mọ́yán lórí ni wọ́n sì ń ṣe. Ike yẹn kì í ṣe tiwọn. Ó ń dí atẹ́gùn mọ́ ibi tó yẹ kó gbà, ó sì lè já bọ́ sáàárín rímù lórí eré.

9. Wá mẹkáníìkì tó mọ bíréèkì, kó o sì dúró tì í. Ọ̀gá tó mọ ẹ́ńjìnnì tinú-tòde lè máà mọ bí wọ́n ṣe ń yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú ABS ọkọ̀ Jámánì, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣí i. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ní ẹ̀rọ náà. Má jẹ́ kó fi kálípà rọ̀ sórí hóòsì; kàkà bẹ́ẹ̀, kó fi wáyà so ó mọ́ sípíríǹgì. Kí bóòtù kọ̀ọ̀kan le tó bó ṣe yẹ, kí wọ́n fi sípánà tó ń wọn agbára dì í, kí wọ́n má kàn dúró lé e lórí. Àmọ́ bọ̀wọ̀ fún un o. Má dúró tì í bí ọlọ́pàá, má máa fi ohun tó o wò lórí fóònù já ọ̀gá ní koro lójú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí i, ra omi tútù fún wọn, béèrè ọ̀rọ̀ rẹ pẹ̀lú “ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá”. Ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ ẹni. San owó iṣẹ́ rẹ̀ pé, torí ẹni tó o já owó rẹ̀ gbà lónìí lo tún fẹ́ kó sọ òótọ́ fún ọ lọ́la.

10. Fi sùúrù mú páàdì àti dísìkì tuntun mọra. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Kọ́kọ́ tẹ bíréèkì léraléra nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró, títí ẹsẹ̀ á fi le. Wà á díẹ̀díẹ̀ nínú ọgbà mẹkáníìkì, kó o rí i pé ó ń dúró. Lẹ́yìn náà, lọ síbi tí ọ̀nà ti tọ́, tí kò séèyàn, láàárọ̀ kùtù. Sá dé 60, tẹ̀ ẹ́ rọra títí á fi wálẹ̀ sí 15, má jẹ́ kó dúró pátá, tún tẹ iná. Ṣe é bíi mẹ́wàá, kó o wá máa wa ọkọ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ láìtẹ bíréèkì kó lè tutù. Tí ọkọ̀ bá dúró pátá tí ẹsẹ̀ rẹ sì wà lórí rẹ̀ nígbà tó gbóná báyẹn, páàdì á lẹ̀ sójú kan lára dísìkì, ọkọ̀ á wá máa gbọ̀n ní gbogbo ìgbà tó o bá tẹ bíréèkì. Má ṣe é láàárín ìlú. Iwájú ọjà Òkè-Oyi kọ́ là ń dán ìjánu wò.

11. Má gbé ọkọ̀ sí fríì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, má sì paná ẹ́ńjìnnì nítorí àti ṣọ́ epo jẹ. Ẹ́ńjìnnì ló ń fún ẹ̀rọ tó ń ran ẹsẹ̀ rẹ lọ́wọ́ lágbára. Tó o bá ti pa á, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lo máa tẹ bíréèkì kó tó le bí òkúta. Jíà kékeré ni kó o fi sọ̀ kalẹ̀.

12. Má rò pé bíréèkì tó dára fún ọ láṣẹ láti sáré jù bó ṣe yẹ lọ. Èyí ni mo fẹ́ kó o gbọ́ jù. Ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ rẹ ń gba mítà 28 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ó gbà ọ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ láti rí ewúrẹ́ náà, kó o mọ̀ pé ewúrẹ́ ni, kó o gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. O ti rin mítà 42 kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Ní 140, ó di mítà 58. Kálípà tó wọ́n jù láyé ò lè bu ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò nínú mítà 58 yẹn, torí kò tíì sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1955, ní Le Mans kan náà, Mike Hawthorn tó ń wa Jaguar oní-dísìkì tẹ bíréèkì láti yà síbi tí àwọn èèyàn rẹ̀ wà. Austin-Healey tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yà bàrá kó má baà kọ lù ú. Mercedes tí Pierre Levegh ń wà bọ̀ tòun ti eré, tó jẹ́ dúrọ́ọ̀mù ni bíréèkì rẹ̀, kò ráyè. Ó gun ẹ̀yìn Austin-Healey, ó sì fò wọ àárín àwọn òǹwòran. Èèyàn tó lé ní 80 ló kú, Levegh pẹ̀lú. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ ní Òkè-Oyi kì í ṣe Mercedes ìdíje o, tírélà tó kó ẹrù ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù ni. Tó o bá dúró kàn-án lójijì nítorí pé bíréèkì rẹ dára, tírélà yẹn ò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni. Máa wo gíláàsì ẹ̀yìn kó o tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Má rìn níwájú tírélà pẹ́, má sì já wọ iwájú rẹ̀ kó o wá tẹ bíréèkì nítorí bọ́m̀pù.

Òfin wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1988, ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má kọjá 50 láàárín ìlú, 80 ní ọ̀nà ìlú sí ìlú, àti 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Àárín ìlú ni Òkè-Oyi. Bí ọkọ̀ rẹ bá lè dúró kíá láti 200, 50 náà ni.

13. Tí àbúrò rẹ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ bá fẹ́ wa ọkọ̀ náà lẹ́yìn tó o ti ṣe é, kọ́kọ́ jókòó tì í. Bíréèkì tuntun máa ń mú jù bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe rò, ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń tẹ ti tẹ́lẹ̀ lè fi orí ara rẹ̀ lu gíláàsì. Kí gbogbo yín de bẹ́líìtì, títí kan àwọn tó jókòó sẹ́yìn.

Ọ̀la jìnnà, ìrọ̀lẹ́ òní ni kó o bẹ̀rẹ̀. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wo ibi tí ọ́ìlì bíréèkì dé àti bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Tó bá ti dúdú, ó ti gbó. Ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kó o sì dì í mú fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń rọra wọlẹ̀, ibì kan ń jò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kù díẹ̀ káàtó, mo bẹ̀ ọ́, gba ọkọ̀ èrò lọ sí Ìlọrin lọ́la, kó o sì ní kí mẹkáníìkì wá bá ọkọ̀ náà nílé.